Kíjìpá Tí Màmá Mi Hun fún Ọmọ Palẹstínì

Ìró kan wà nílé wa ní Oǹdó nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹ̀yin ọmọ mi, tí mo mọ̀ pé ẹ kò gbọ́ rí. Kì í ṣe ìró odó, kì í sì í ṣe ìró ọlọ, nítorí ẹ ṣì ń gbọ́ ìwọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìró òfì àwọn obìnrin ni. Láàárọ̀, kí ìrì tó gbẹ lórí ewé, ẹ ó gbọ́ ọ láti yàrá màmá mi: gbọ̀ọ́. Á dákẹ́ díẹ̀. Gbọ̀ọ́. Kó tó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, òfì ilé kejì á ti dá a lóhùn, ti ilé kẹta á gbè é. Ìró yẹn ló ń jí wa. Bí a bá jí tí a kò gbọ́ ọ, ẹ̀rù á bà wá, nítorí ó ní láti jẹ́ pé ara ẹnì kan kò yá tàbí pé òkú sùn ládùúgbò.

Òfì tí mò ń wí yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn ọkùnrin ń jókòó sí hun aṣọ tóóró. Tiwa, igi gígùn méjì ni wọ́n ń gbé nàró ti ògiri, wọ́n á fi igi dábùú wọn lókè àti nísàlẹ̀, wọ́n á wá ta òwú láti òkè dé ilẹ̀. Obìnrin á jókòó sílẹ̀, á kọjú sí ògiri bí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, á máa ti òwú mìíràn bọ àárín, á sì fi pátákó gígùn pẹlẹbẹ kan tó rí bí idà lù ú mọ́ra. Pátákó yẹn ló ń dún. Aṣọ tó ń jáde níbẹ̀ là ń pè ní kíjìpá. Ó fẹ̀, ó nípọn, òjò wẹliwẹli kò lè là á kọjá. Àwọn aláfojúdi máa ń sọ pé kíjìpá laṣọ ọ̀lẹ, nítorí pé ẹni tó bá rà á lẹ́ẹ̀kan kò tún ní wá òmíràn títí ọjọ́ á fi pẹ́. Màmá mi á ní kí wọ́n máa wí lọ, pé kí ọ̀lẹ ṣáà má rìn níhòòhò.

Iṣẹ́ òwú kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan. Àwa ọmọdé là ń yọ kóró inú rẹ̀. Àwọn tó lágbára ló ń gbọ̀n ọ́n títí á fi fẹ́lẹ́ bí èéfín. Àwọn ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn lọ sóko mọ́ ló ń fi ìrànwú ran án, ìrànwú á máa yí birí nínú ìkarahun ìgbín, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wí pé òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ẹ̀yin ń gbọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí òwe. Àwa, ohun tí ojú wa ń rí lójoojúmọ́ ni.

Tí ọdún Ògún bá ń bọ̀, ìró òfì á pọ̀ sí i, nítorí kò sí obìnrin tó fẹ́ fi aṣọ èṣí jáde wòran. Àwọn ìkòkò aró á kún ẹ̀yìnkùlé. Ọdún kan, àbúrò mi Akin ń lé àkùkọ kan káàkiri, ó ń fi ẹ̀yìn rìn kó lè dínà mọ́ ọn, ló bá jókòó gbàgà sínú ìkòkò aró. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, láti ìdodo lọ sísàlẹ̀, búlúù ni. Wọ́n fi kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí ó fi ń sunkún, aró kò lọ. Báyìí ló ṣe lọ sí ilé-ìwé. Olùkọ́ bi í pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní ọdún Ògún ni. Títí tó fi dàgbà tó sì di bàbá ọmọ, Ẹlú, orúkọ ewé aró, là ń pè é nínú ilé.

Mi ò lè sọ ọjọ́ tí ìró náà dákẹ́. Ohun tó bá ń lọ díẹ̀díẹ̀ kì í dágbére. Ànkárá dé, ó fúyẹ́, ó dán, ó ní òdòdó lára. Òkìrìkà dé lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọmọbìnrin ń lọ sí ilé-ìwé, èmi náà lọ, mo kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sì sí ẹni tó jókòó ti ìyá rẹ̀ láti kọ́ òfì. Lọ́jọ́ kan tí mo wá sílé fún ìsinmi, mo bá igi òfì màmá mi níbi tí wọ́n fi ṣe òpó ilé ewúrẹ́. Mo wò ó. Màmá mi ní kí n wá jẹ iyán.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá lórí ìyẹn. Mo ti di àgbà nọ́ọ̀sì ní ọsibítù kan ní Àkúrẹ́. Èkìtì ti gba ìpínlẹ̀ tiwọn, àwọn ọmọ Èkìtì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti kó ẹrù wọn lọ sí Adó, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣẹ́kù bí ilé tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti kó jáde nínú rẹ̀. Nígbà náà ni dókítà kan dé bá wa láti òkè òkun, Dókítà Yúsúfù, oníwà pẹ̀lẹ́, tòun ti ìyàwó rẹ̀ Hánà àti ọmọbìnrin wọn Láílà. Wọ́n gba ilé tó kángun sí tèmi ní Ìjàpò. Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi ń pe ìyàwó ní Ìyá Láílà, bí a ti ń pe ìyá ọlọ́mọ.

Nígbà tí àwọn aládùúgbò mi gbọ́ pé Palẹstínì ni wọ́n ti wá, ẹnu yà wọ́n. Ìyá Bùnmi, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní sẹkitéríàtì, bọ́ sọ́dọ̀ obìnrin náà pẹ̀lú ayọ̀.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni Bẹ́tílẹ́hẹ́mù ṣe rí?"

Ìyá Láílà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mi ò tíì dé ibẹ̀ rí."

"Tí ẹ jẹ́ ọmọ ibẹ̀?"

"Ọmọ ibẹ̀ ni mí. Ilẹ̀ Jọ́dánì ni wọ́n bí mi sí. Àwọn òbí mi sá kúrò nígbà ogun, wọn kò sì rí ọ̀nà padà."

"Ṣé abúlé yín ṣì wà níbẹ̀?"

Ó mi orí. Ó ní wọ́n ti wó o, pé igi ólífì kan àti kànga nìkan ni àwọn tó dé agbègbè náà sọ pé ó kù.

Ẹ mọ̀ pé àwa máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má rele. Ọ̀rọ̀ tí a ń fi ẹnu lásán sọ lójoojúmọ́ ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mi ò lè sọ ọ́ níwájú obìnrin yẹn.

Nítorí pé abúlé kò sí mọ́, Ìyá Láílà fi ara rẹ̀ fún kíkó àwọn ohun tó ti ibẹ̀ jáde jọ. Mi ò rí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní kásẹ́ẹ̀tì tó ti gba ohùn àwọn ìyá arúgbó sí, tí wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń fún òróró ólífì, bí wọ́n ṣe ń fi òróró náà se ọṣẹ, bí wọ́n ṣe ń mọ ìkòkò, orin tí wọ́n ń kọ tí wọ́n bá ń kó ìyàwó. Á gbé rédíò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, á máa gbọ́ àwọn àgbà tí òmíràn nínú wọn ti kú. Èmi kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohùn ìyá àgbà tó ń sọ pé ayé àtijọ́ dára. Ohùn yẹn kò yàtọ̀ níbikíbi.

Lọ́jọ́ kan, ó pè mí wọlé, ó tú aṣọ funfun kan tó wé. Ẹ̀wù gígùn ni ó wà nínú rẹ̀, aró ni wọ́n fi pa á, ó dúdú bí ojú ọ̀run tó ṣú. Ní àyà rẹ̀, wọ́n fi òwú pupa gán iṣẹ́ kan sí i, òwú kọjá lórí òwú bí àgbélébùú tíntìntín, kò lóǹkà, ó di igi ṣóńṣó, ó di òṣùpá, ó di ẹyẹ méjì tó kọjú síra. Ó ní ìyá àgbà òun ló ṣe é kó tó wọlé ọkọ. Ó ní ní ilẹ̀ àwọn, abúlé kọ̀ọ̀kan ló ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ tirẹ̀, débi pé tí obìnrin bá dé ọjà, ẹni tó rí àyà ẹ̀wù rẹ̀ lókèèrè ti mọ ibi tó ti wá kó tó lanu.

Ní àárín iṣẹ́ náà, níbi tó yẹ kó lẹ́wà jù, ihò ńlá kan wà níbẹ̀. Wọ́n ya á ni.

"Kí ló ṣe é, Ìyá Láílà?"

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n sá, màmá mi ṣì kéré. Ìgò gún un lójú ọ̀nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ya. Ìyá àgbà mi kò ní nǹkan mìíràn lọ́wọ́, ló bá ya àyà ẹ̀wù rẹ̀, ó fi dì í. Ó sì gbé e rìn."

Ìyá rẹ̀ náà ń bọ̀ wá bá wọn gbé ní Àkúrẹ́, nítorí pé àtọ̀gbẹ ti ń mú ojú rẹ̀ lọ, kò sì sí ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ mọ́ níbi tó wà. Ohun tó ń jẹ Ìyá Láílà lọ́kàn nìyẹn. Ó fẹ́ ṣe irú ẹ̀wù náà tuntun kó tó dé, èyí tó pé, kí ìyá rẹ̀ lè fi ìwọ̀nba ojú tó kù rí i. Ṣùgbọ́n kò rí aṣọ tó bá a mu. Ó ti rin Ọjà Ọba títí. Alhaja Ràmátù, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta aṣọ níbẹ̀, tú gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún un nítorí Ọlọ́run. Aṣọ ẹ̀rọ ni gbogbo rẹ̀. Òwú wọn wọra jù, abẹ́rẹ́ kò ríbi tọ̀. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ lè ka òwú aṣọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Mo mú ẹ̀wù náà, mo yí inú rẹ̀ síta. Mo fi àtàǹpàkò ra á. Òwú tí ọwọ́ ran ni, níbì kan ó nípọn, níbì kan ó fẹ́lẹ́. Mo gbé e súnmọ́ imú, òórùn aró àtijọ́ ṣì ń yọ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Èmi tí mo dàgbà nínú òórùn náà kò lè ṣì í mọ̀.

Mo ní, "Ìyá Láílà, mo mọ ẹni tó lè hun aṣọ yìí. Bóyá yóò gbà ni mi ò mọ̀."

A wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ Sátidé. Màmá mi ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ó ń tẹ̀ díẹ̀ ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. Ìyá Láílà wo bí mo ṣe kúnlẹ̀, òun náà kúnlẹ̀. Màmá mi fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó bu omi fún un, ó ní kó fọwọ́, ó gbé ọṣẹ dúdú fún un, èyí tí òun fúnra rẹ̀ fi eérú èèpo kòkó sè. Ìyá Láílà fi ọṣẹ náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó, ó ń gbóòórùn rẹ̀, ó gbàgbé láti fọwọ́. Ó ní kí n sọ fún màmá pé àwọn náà ní ti àwọn, pé eérú àti òróró náà ni, ìyàtọ̀ kan ni pé tiwọn funfun.

Màmá mi ní, "Ta ló kọ́ wọn?"

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ìyá Láílà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n bi màmá pé ta ló kọ́ tiwa.

Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí a bá wá, màmá mi gbọn orí. Ó ní, "Ọwọ́ mi ti gbàgbé. Òfì ti di ilé ewúrẹ́. Ẹ má jẹ́ kí n fi ara mi ṣẹ̀sín lójú àlejò."

Ìyá Láílà kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn tú ẹ̀wù náà lé e lẹ́sẹ̀. Màmá mi fi itọ́ sí ìka, ó fi pa ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti mọ̀ bóyá aró rẹ̀ ń ṣí. Kò ṣí. Ó kan sáárá sí ẹni tó pa á láró. Ọwọ́ rẹ̀ wá dé ibi ihò náà.

"Èwo nìyí?"

Mo sọ ìtàn náà fún un bí mo ti gbọ́ ọ. Ogun, ọ̀nà jíjìn, ọmọ tí ìgò gún, ìyá tó ya aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ ọ dópin, ó ń fi ọwọ́ pa etí ihò náà bí ẹni pé ara ènìyàn ni.

Ó wá ní, "Ẹ bá mi pe gbẹ́nàgbẹ́nà. Kó wá tú òpó ilé ewúrẹ́ yẹn."

A kò rí òwú ní Oǹdó mọ́. Ẹnì kan ní ọsibítù ló sọ fún mi pé òun mọ ìyàwó àgbẹ̀ kan ní Ìjàrè tó ṣì ní igi òwú lẹ́yìnkùlé. Èmi àti Ìyá Láílà lọ bá a. Obìnrin náà ní, "Ẹ wọ inú ulé o," bí wọ́n ti ń pe ilé lọ́dọ̀ tiwọn, ó sì ní kí a já gbogbo òwú náà lọ, pé àwọn ẹyẹ nìkan ló ń fi í tẹ́ ìtẹ́ láti ọjọ́ yìí. Ìyá Láílà dúró láàárín igi òwú, òwú funfun lé e lórí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdébìnrin.

Mo wà ní Oǹdó lọ́jọ́ tí òfì kọ́kọ́ dún. Bí mo bá fẹ́ gbàgbé ohun gbogbo láyé, mi ò ní gbàgbé òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn. Màmá mi jókòó kọjú sí ògiri. Ó gbé pátákó náà sókè, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀: gbọ̀ọ́. Ó dákẹ́. Gbọ̀ọ́. Kò pẹ́, mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí ní ilé kejì. Ìyá kan yọ, ìró aṣọ rẹ̀ ń wọ́lẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà wa. Òmíràn dé. Òmíràn tún dé. Ìyá Ṣọlá, tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kó jáde nínú yàrá mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, tẹ ọ̀pá bọ̀, ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sáré tẹ̀lé e pé kí ló dé. Wọ́n kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, àwọn tó ti gbọ́ ìró yẹn nígbà èwe wọn, wọ́n ń wo ẹ̀yìn màmá mi. Kò sí ẹni tó kí ẹnì kejì. Nígbà tó ṣe, Ìyá Ṣọlá rọra jókòó sílẹ̀, ó ní, "Ẹ gbé ìrànwú fún mi."

Aró ló fẹ́ dójú tì wá. Ìkòkò tí a kọ́kọ́ rẹ, eérú rẹ̀ kò tó, aṣọ tí a tì bọ̀ ọ́ yọ láwọ̀ bí omi àbàtà. Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, oníkálukú ń sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Màmá mi dà á nù, ó ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkejì mú. Nígbà tí wọ́n fa aṣọ náà yọ, àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ ní, atẹ́gùn wá fẹ́ sí i, ó sì ń di búlúù lójú wa, ó ń di dúdú, bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú. Èmi tí mo ti rí i láìmọye ìgbà nígbà èwe mi, mo dúró níbẹ̀, mo yanu.

Ìyá Láílà gán òwú pupa sí aṣọ náà láti ìrọ̀lẹ́ dé ìrọ̀lẹ́. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, abẹ́rẹ́ ń jáde, kíjìpá kò ṣe é ní agídí. Igi jáde, òṣùpá jáde, ẹyẹ jáde. Ó wá kan ibi tó ya lára ti àtijọ́, ó sì fi ibẹ̀ sílẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tó wà níbẹ̀. Nínú gbogbo kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kò sí ohùn tó sọ ọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ló kù tó lè mọ̀, ìyá rẹ̀.

Ẹni náà dé. Àmínà lorúkọ rẹ̀, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó wé ìborùn funfun, ó ń tiro díẹ̀. Ojú rẹ̀ ti bàjẹ́ ju bí wọ́n ti rò lọ. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló ń rí, àti òjìji ènìyàn. Nígbà tí Ìyá Láílà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó pẹ́ kó tó jáde.

Mo lọ mú màmá mi wá láti Oǹdó kí àwọn méjèèjì lè pàdé. Wọ́n jókòó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ dókítà ní ọ̀sán, wọ́n ń kí ara wọn, ọ̀kan ń sọ Lárúbáwá, èkejì ń sọ Oǹdó, wọn kò sì ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ra wọn yé. Ìyá Láílà tẹ́ ẹ̀wù tuntun náà lé ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Obìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì kà á. Ó ń fi ìka tẹ̀lé òwú pupa bí ẹni tó ń rìn lójú ọ̀nà ilé rẹ̀, ó ń dárúkọ ohun tó bá kàn. Igi. Òṣùpá. Ẹyẹ. Ọmọ rẹ̀ ń túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ìka wá dé ibi tó ṣófo, ó dúró.

"Màámà, kí ló wà níbẹ̀?"

Ó ronú. Ó mi orí. Ó ní òun kò rántí. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti mọ ẹ̀wù náà dáadáa ni ihò ti wà lára rẹ̀, pé ẹsẹ̀ tó ń dun òun nìkan lòun rántí, àti bí aṣọ náà ṣe gbóná mọ́ ọn.

Ìyá Láílà bo ojú. Màmá mi bi mí pé kí ni wọ́n sọ, mo sọ fún un. Ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá kejì mú. Lẹ́yìn náà ni Àmínà gbé ọwọ́ sókè, ó ń wá ojú màmá mi, kó lè mọ bí ẹni tó hun aṣọ náà ṣe rí. Ó pa iwájú orí rẹ̀, ó pa imú, ó wá dé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ìka rẹ̀ bọ́ sínú ilà Oǹdó, ilà kan gbọọrọ tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Ó tẹ̀lé e dé ìsàlẹ̀. Ó wá èkejì lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó rí i.

"Kí nìyí? Ṣé ọgbẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, ilà wa ni. Àwọn ará Oǹdó ayé àtijọ́ ló ń kọ ọ́. Bí wọ́n bá rí ọ níbikíbi, wọ́n á ti mọ ibi tí o ti wá."

Ìyá Láílà túmọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ ìyá rẹ̀ ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ màmá mi. Ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan, ọmọ rẹ̀ sì wo mí bí ẹni tí kò mọ bó ṣe máa sọ ọ́.

"Ó ní kí n gán an síbẹ̀. Ó ní ibi tó ṣófo náà, pé kí n fi ilà yìí sí i."

Mo sọ fún màmá mi. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lára aṣọ ìyá wọn? Ṣé wọn kò ní bínú?" Nígbà tó rí i pé òótọ́ ni wọ́n ń wí, ó gbé ojú rẹ̀ súnmọ́ wọn, ó sì jókòó jẹ́ẹ́, àgbàlagbà obìnrin náà, kí Ìyá Láílà lè wọn gígùn rẹ̀ pẹ̀lú òwú.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, iṣẹ́ dókítà parí lọ́dọ̀ wa, wọ́n padà sí Jọ́dánì. Àmínà kò bá wọn lọ. Ìtẹ́ òkú àwọn Mùsùlùmí ní Àkúrẹ́ ló wà. Alhaja Ràmátù àti àwọn ará Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ ló wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n kírun sí i lára, bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni. Ènìyàn laṣọ mi, ni àwọn àgbà wí. Màmá mi ń hun kíjìpá títí ọwọ́ rẹ̀ kò fi lè gbé pátákó mọ́, àwọn ìyá tó yí i ká sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa ní Oǹdó lónìí láàárọ̀, ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ ni ẹ ó gbọ́, àti ẹ̀rọ amúnáwá.

Ṣùgbọ́n kí màmá mi tó kú, fóònù mi dún lọ́jọ́ kan. Ìyá Láílà ni. Ó ní àwọn tó ṣẹ́kù nínú abúlé wọn àti ọmọ wọn ṣe àpéjọ, òun sì wọ ẹ̀wù náà lọ. Ó ní àwọn arúgbó ọkùnrin kan pe òun kí wọ́n lè wo àyà rẹ̀ dáadáa. Wọ́n ń kà á, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń sọ pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, tiwa ni, tiwa ni. Wọ́n wá dé ibi ilà méjì tó dúró ṣánṣán láàárín. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n ní gbogbo abúlé tó wà lágbègbè náà làwọn mọ̀, èyí wo ni abúlé yìí?

"Mo ní Oǹdó ni," ni Ìyá Láílà wí fún mi. "Wọ́n ní kí n bá wọn kí àwọn ará ilé níbẹ̀."

Mo wọ ọkọ̀ lọ jíṣẹ́ náà. Màmá mi ń sùn nígbà tí mo dé, mo dúró títí ó fi jí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ, ó mí kanlẹ̀, ó sì rọra dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó tún ìró rẹ̀ ró, nítorí kò yẹ kí ènìyàn wà ní ìdùbúlẹ̀ gba ìkíni àwọn àgbà.